Ẹ bi wọ́n léèrè, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan ni mò ń ṣe, mo máa ń bá àgbàlagbà kan tó ní Down syndrome ṣe ọ̀rẹ́, a jọ máa ń jáde. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni pé èló ni wọ́n ń san fún mi. Tí mo bá ti ní wọn ò san nǹkan kan, pé owó ọkọ̀ àti owó tíì nìkan ni wọ́n ń dá padà, ẹlòmíì á ní "ah, Ọlọ́run á san án fún ẹ o", ẹlòmíì á ní ṣé kò sí overtime níbi iṣẹ́ mi ni. Mi ò bínú sí wọn. Ní London tá a wà yìí, bí owó ilé ṣe wọ́n, bí owó iná ṣe wọ́n, kéèyàn gbé ọ̀sán Sátidé ẹ̀ kalẹ̀ kó fi bá ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ rìn kiri Woolwich, ó gba àlàyé lóòótọ́. Àlàyé yẹn ni mo fẹ́ ṣe, ó máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tí mò ń bá rìn. Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa pè wọ́n níbí. Wọ́n ti lé ní ọmọ 50 ọdún, wọ́n jù mí lọ dáadáa, ọmọ Yorùbá ni, London ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì ní Down syndrome. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, kúrómósómù inú ara èèyàn, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tó gbé àbùdá tá a jogún lọ́wọ́ òbí, méjì-méjì ló máa ń wà, àmọ́ lára àwọn tó ní Down syndrome, ìkọkànlélógún ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ló kọ ọ́ jáde ní 1959, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ 21 oṣù 3 ni wọ́n fi ń sàmì ọjọ́ wọn lọ́dọọdún kárí ayé. Kì í ṣe èpè, kì í ranni, kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà tó lóyún. Mo fẹ́ sọ ọ́ kedere torí mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí ò le rárá. Ìwé kan ni mo rí lára ògiri láìbúrárì, wọ́n ń wá àwọn tó lè máa bá àgbàlagbà tó ní irú ìpèníjà yìí láti kékeré ṣe ọ̀rẹ́, ọ̀kan sí ọ̀kan. Mo kọ fọ́ọ̀mù, èèyàn méjì dúró fún mi, wọ́n ṣe DBS, ìyẹn ni pé wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wò bóyá mo ti hùwà ọ̀daràn kan rí (tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lo fẹ́ ṣe, o ò ní sanwó ẹ̀), wọ́n wá fi wá jókòó kọ́ wa ní ohun tó yẹ àti ohun tí ò yẹ. Mi ò gbọdọ̀ fún wọn lóògùn. Mi ò gbọdọ̀ di káàdì báńkì wọn mú. Tí mo bá rí ohun tó kọ mí lóminú, mi ò gbọdọ̀ pa á mọ́ra, ọjọ́ náà gan-an ni mo gbọ́dọ̀ pe ọ́fíìsì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n wá ń wo ta ni wọ́n máa so mí pọ̀ mọ́, ibẹ̀ ló sì pẹ́ jù, torí ẹni yẹn náà á wò ẹ́, tí o ò bá wù ú, ó parí síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wò mí títí lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo bàtà mi, wọ́n ń wo ojú mi. Ló bá di pé wọ́n dìde, wọ́n mú kóòtù wọn, wọ́n ní "Ó yá."

Ohun kan wà tí mi ò ronú kàn rí títí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka àwọn tó wà láyìíká ẹni tó wà nípò Bọ̀ọ̀dá: ẹni tó ń jí wọn láàárọ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré lọ́sàn-án, sósà wọ́kà, dókítà, ẹni tó ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn. Gbogbo wọn ló ń gbowó láti wà ńbẹ̀. Mi ò bú wọn o, mo ti rí nínú wọn tó ń ṣe ju owó ẹ̀ lọ, ọmọ wa sì pọ̀ níbẹ̀ jàre, tọ́jọ́ bá mọ́ tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà bá ní àwọn ò lọ sí shift ní London, ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ò ní ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí shift bá parí wọ́n á lọ, tí wọ́n bá ríṣẹ́ tó san jù bẹ́ẹ̀ wọ́n á lọ. Tẹ́ ẹ bá yọ ìyá àti àbúrò kúrò, ta ló wà lọ́dọ̀ wọn torí pé ó wu òun náà láti wà ńbẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́nì kankan.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí. A máa ń wọ bọ́ọ̀sì 177, Bọ̀ọ̀dá ní káàdì Freedom Pass tiwọn, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ni wọ́n máa fi kan ẹ̀rọ fúnra wọn, tí ẹnikẹ́ni bá bá wọn kàn án inú wọn á bàjẹ́. Tójú ọjọ́ bá dáa a máa lọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Thames ní Woolwich, ọ̀fẹ́ ni, láti 1889 ló ti ń gbé èèyàn sọdá láì gba kọ́bọ̀, a máa sọdá lọ a máa sọdá bọ̀, Bọ̀ọ̀dá á dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọn lójú dáadáa, wọ́n á máa juwọ́ sí àwọn mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn la máa ń lọ mu tíì nítòsí Beresford Square.

Ibi tíì yìí ni mo fẹ́ dúró lé. Ẹ̀ẹ̀kan tá a débẹ̀, obìnrin tó ń tajà wò mí, ó ní kí ló fẹ́? Ó na ìka sí Bọ̀ọ̀dá. Mo ní "ẹ bi wọ́n." Ó bi wọ́n. Bọ̀ọ̀dá ò dáhùn. Ìlà ẹ̀yìn wa ti ń gùn, ọkùnrin kan ti ń mí hún-ùn. Mo mọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá máa ń mu, mo lè sọ ọ́ kí gbogbo wa máa lọ, àmọ́ mi ò sọ ọ́. Mò ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n máa ń fi àtàńpàkò ra etí káńtà síwá sẹ́yìn tí wọ́n bá ń ronú, ètè wọn á ti máa mì kí ohùn tó jáde, ọ̀rọ̀ á ti dé ẹnu tipẹ́ kó tó di ohun téèyàn gbọ́. Iṣan ẹnu wọn dẹ̀, etí wọn ò gbọ́ra tán, orí wọn sì ń to ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹyọ ẹyọ, ó ń gba àkókò. Wọ́n yí sí ibi gíláàsì, wọ́n ní "Kéèkì. Yẹn. Kì í ṣe tíì." Gbogbo ìgbà tá a ti ń lọ síbẹ̀, tíì ni wọ́n máa ń mu, lọ́jọ́ yẹn wọn ò fẹ́ tíì. Tí mo bá ti sọ̀rọ̀ dípò wọn ni, tíì ni wọn ì bá tún mu, gbogbo wa ì bá sì gbà pé ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn.

Gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún Bọ̀ọ̀dá ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kí n bi wọ́n, kí n sì dákẹ́. Ó rọrùn lẹ́nu, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Òfin ìlú yìí gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Mental Capacity Act tí wọ́n ṣe ní 2005, fún England àti Wales, àwọn ìlànà márùn-ún ló wà ní iwájú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gbà pé èèyàn lè pinnu fúnra ẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi hàn pé kò lè ṣe é. Ìkejì ni pé wọn ò gbọdọ̀ sọ pé kò lè ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n ti sa gbogbo ipá láti ràn án lọ́wọ́ kó lè ṣe é. Ìkẹta ló wù mí jù, òun ni pé torí èèyàn ṣe ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu, kò túmọ̀ sí pé kò lè pinnu. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀tọ́ Bọ̀ọ̀dá ni láti jẹ kéèkì méjì kí inú máa run wọ́n, bó ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ tèmi náà.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún mi ní ìwé kan tí wọ́n fi ṣàlàyé Bọ̀ọ̀dá, ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìlà kan wà níbẹ̀ pé tí oúnjẹ bá dé iwájú wọn, wọ́n máa ń pariwo kan tí kò nítumọ̀, kéèyàn má kà á sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a jọ jẹun, wọ́n gbé ọbẹ̀ tòmátò wá, Bọ̀ọ̀dá fà sẹ́yìn, wọ́n sì pariwo yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, "ó gbóná" ni wọ́n ń sọ. Ohùn wọn wúwo, imú ni gbogbo ẹ̀ gbà jáde, ṣùgbọ́n "ó gbóná" ni, kedere, àmì ohùn ẹ̀ pé. Mo bi wọ́n pé "Ṣé ó gbóná ni, Bọ̀ọ̀dá?" Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, wọ́n ń gbá tábìlì. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Mama, ìyá Bọ̀ọ̀dá, ló wá sọ ìtàn ibi tí Yorùbá yẹn ti wá fún mi. Nígbà tí wọ́n bí Bọ̀ọ̀dá, ìyẹn láyé ìgbà tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti apá gúúsù London lọ sí ilé ìwòsàn gbọ̀gbọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ Darenth Park nítòsí Dartford, ẹnì kan nílé ìwòsàn ní kí Mama fi ọmọ yẹn sílẹ̀, kí wọ́n lọ bí òmíràn. Mama ní àwọn ò fi ọmọ àwọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. (Láti 1878 ni Darenth ti wà, 1988 ni wọ́n tó tì í pa. Bàbá àgbà kan wà níbi ijó tí Bọ̀ọ̀dá máa ń lọ, wọ́n gbé ibẹ̀ láti kékeré, títí dòní tí wọ́n bá ń jẹun wọ́n á fi apá yí àwo wọn ká.) Ṣé ẹ rí i, Bọ̀ọ̀dá bọ́ sí àsìkò tó san díẹ̀, torí ní 1971 ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní England pé gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ lọ síléèwé, bó ti wù kí ìpèníjà ẹ̀ pọ̀ tó, ṣáájú ìgbà yẹn wọ́n lè sọ pé ọmọ kan ò ṣeé kọ́ ní nǹkan kan kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá lọ síléèwé. Àmọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún Mama pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa bá ọmọ sọ, pé èdè méjì á pọ̀ jù fún orí ẹ̀. Mama gbà. Wọ́n dẹ́kun Yorùbá pátápátá sí ọmọ wọn. Ìyá Mama ló tú u ká, wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú wá bá wọn tọ́mọ, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń bá ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ti wá mọ̀ báyìí pé ọmọ tó ní Down syndrome lè gbọ́ èdè méjì bí ọmọ yòókù, kò sì ní ba ìkan jẹ́ fún un. Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí tó ṣì ń bẹ̀rù.

Mo pe ọ́fíìsì, wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́. Mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú wọn: omi, ó gbóná, ó ti tó, rárá, ilé, ó ń dùn mí. Arábìnrin ọmọ Ghana kan wà níbẹ̀ tó ti ń sọ "ó ti tó" báyìí bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú Òde.

Ìgbà kan wà tí Bọ̀ọ̀dá ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á di irin mú, wọ́n á dúró. Àwọn kan ní olórí kunkun ni wọ́n ti ń yà, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbé, ìyẹn ò sì yani lẹ́nu torí Alzheimer's máa ń tètè mú àwọn tó ní Down syndrome, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti 40 ọdún wọn. Ṣùgbọ́n mo ti bá wọn rìn pẹ́. Mo rí i pé níbi tó bá mọ́lẹ̀ tí àtẹ̀gùn sì ní ìlà yẹ́lò, kíá ni wọ́n ń sọ̀, ibi tó bá ṣókùnkùn ni ẹsẹ̀ wọn máa ń wá ilẹ̀ tí kò rí i. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì bó ṣe rí gan-an. Wọ́n gbé wọn lọ yẹ ojú wò, ojú ti ń ṣú, cataract ni, òun náà máa ń tètè wá fún wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀. Báyìí Bọ̀ọ̀dá ló ń kọ́kọ́ sọ̀, wọ́n á ní "Àbúrò, máa bọ̀." Mi ò ní ìmọ̀ ìṣègùn kankan. Mo kàn jẹ́ ẹni kan náà tó ń wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni, àwọn tó ń wá ní shift ń pààrọ̀ ara wọn, ohun tí ìkan rí lónìí, òun kọ́ ló máa wà ńbẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ shift yìí náà ló ń fa wàhálà lálẹ́. Ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì kan wà ní Brighton nígbà kan tó ń jẹ́ Heavy Load, àwọn kan nínú wọn ní irú ìpèníjà yìí, wọ́n ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá ń kọrin, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọn tó wá wò wọ́n á máa dìde lọ sílé, torí ẹni tó gbé wọn wá máa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe dá Stay Up Late sílẹ̀ nìyẹn, àjọ tó ń jà pé kí irú wọn náà lè máa pẹ́ lóde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò Gig Buddies ní 2013, wọ́n á wá ẹni tó fẹ́ràn irú orin tó o fẹ́ràn, ẹ ó jọ máa lọ. Ẹ wá fi ìyẹn sọ́dọ̀ Yorùbá. Aago mẹ́sàn-án alẹ́! Àwọn tó pè yín sí òde tiẹ̀ lè má tíì wọ aṣọ tán. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n Mama ṣe 60 ọdún ní gbọ̀ngán kan lọ́nà Old Kent Road, mo bá Bọ̀ọ̀dá lọ, a ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé a ò ní tètè bọ̀. Wọ́n wọ agbádá tí Mama rán. Nígbà tí àyàn dé ibi tó ń dùn, wọ́n jáde síjó, èjìká ni wọ́n fi ń jó, wọ́n rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, onígángan sún mọ́ wọn, àwọn èèyàn dìde wá ná wọn lówó. Àǹtí kan ní "ẹ wo ọmọ yìí o, Ọlọ́run máa bù kún un." Mo ní Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn o, wọ́n ti ju 50 lọ. Wọ́n ní "yéè, ẹ má bínú", wọ́n sì kúnlẹ̀ kí wọn. Bọ̀ọ̀dá nawọ́ gbé wọn dìde bí àgbà ṣe ń ṣe.

Òde yẹn náà ni arábìnrin kan ti kàn fi ọwọ́ méjèèjì di orí wọn mú, ó ń pàṣẹ kí nǹkan jáde. Bọ̀ọ̀dá ní "Rárá!" Wọ́n bọ́ orí wọn kúrò. Èmi náà ń gbàdúrà o, Bọ̀ọ̀dá gan-an fẹ́ràn àdúrà, Àmín tiwọn máa ń yàtọ̀ nínú ilé. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá tẹ̀ síwájú, wọ́n ní "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ ká bá yín gbàdúrà lé lórí?" A dúró. Àtàńpàkò ń lọ, ó ń bọ̀ létí àga. Wọ́n ní "Mama. Ìbàdí." Ìbàdí Mama tó ṣẹ́ ló wà lọ́kàn wọn. Ìbàdí yẹn ló gbé Mama dé ilé ìwòsàn, òun ló sì mú kí Bọ̀ọ̀dá kó kúrò nílé lọ sí fláàtì tí wọ́n wà báyìí, tí àwọn olùtọ́jú ti ń wá bá wọn.

Nílé náà, ní Nàìjíríà, nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Modupe Cole, iléèwé àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, wà ní Akọ́kà l'Ékòó, Down Syndrome Foundation wà ní Sùúrùlérè, Èkó ṣe òfin tiẹ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ní 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì gba ìbuwọ́lù ní oṣù kìíní 2019. Àmọ́ ọmọdé lojú èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ọmọ yẹn á dàgbà, á di ọmọ 30, 40, wọ́n á sì fi í sí yàrá ẹ̀yìn kí àlejò má rí i. Àwọn baba wa pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n, wọn ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó dáa pé wọn ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ ta ló bá wọn jókòó, ta ló bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ lálẹ́? Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ní charity kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní àdúgbò yín. Ẹ sọ fún ìyá wọn, kí ẹlòmíì náà nínú ilé mọ̀, kẹ́ ẹ sì máa wá lọ́jọ́ kan náà.

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè máa wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan wà ṣáájú mi tó bá Bọ̀ọ̀dá rìn díẹ̀ tí kò wá mọ́, kò sọ pé ó dàbọ̀. Ọdún ti gorí ọdún, tá a bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti máa ń pàdé, Bọ̀ọ̀dá ṣì ń wo inú ẹ̀.

Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé lórí ètò wọn. Èyí tó kọjá, sósà wọ́kà ń ka ìwé lọ, oògùn, oúnjẹ, ọjọ́ tí wọ́n máa lọ ibi eré. Wọ́n wá bi Bọ̀ọ̀dá kí ni wọ́n fẹ́ lọ́dún yìí. Ẹnì kan ti fẹ́ dáhùn, Mama ló ṣẹ́wọ́ sí i, Mama gan-an, pé kó dákẹ́. A dúró títí. Bọ̀ọ̀dá ní "Kọ́kọ́rọ́." Kọ́kọ́rọ́ kí? "Ilẹ̀kùn mi." Orúkọ wọn ló wà lórí ìwé ilé yẹn, àwọn ló ń gbé ibẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní kọ́kọ́rọ́, àwọn nìkan ni ò ní. Ariyanjiyàn bẹ̀rẹ̀: tó bá sọ nù ńkọ́, tí olè bá rí i ńkọ́. Wọ́n gẹ́ ẹ fún wọn ṣá.

Mama pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé kọ́kọ́rọ́ yẹn ò ní sọ nù báyìí?" Ó ti sọ nù lẹ́ẹ̀kan látìgbà yẹn. Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ló san owó èyí tí wọ́n tún gẹ́.